Àpótí Wúfà

Owó epo ló jẹ́ kí n sọ fún kápẹ́ńtà pé kó bá mi kan àpótí wúfà tó fúyẹ́ sí búùtù ọkọ̀. MDF 18mm tí gbogbo ayé ń lò, odindi pákó rẹ̀ kan wúwo tó bíi 40 kìló. Ọmọ ilé ìwé kan nìyẹn, tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ láéláé!

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo arère."

Arère fúyẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ wúfà ò fẹ́ igi tó ń bá a jó. Bí a ṣe tàn án báyìí, gbogbo ara àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbà-gbà-gbà. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ta ló gbé ẹ̀rọ ìlọta wá.

Plywood la padà wá lò. Kápẹ́ńtà fi igi dábùú inú àpótí, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé kí atẹ́gùn má baà jò, àpótí wá dúró gírí. Inú mi dùn pé mo ti dín ẹrù ọkọ̀ kù. Kápẹ́ńtà wo àpótí, ó wo ikùn mi bí mo ṣe ń há ara mi sídìí stíárìn, kò sọ nǹkan kan.