Èmi, Àpótí àti Ọ̀rá

Ta ló sọ pé omi kì í wọ àpótí ẹ̀yìn máṣíìnì mi yìí? Ẹni tó tà á fún ọ̀gá mi ni. Ó fọwọ́ gbá ìdérí rẹ̀ gbàgà, ó ní èyí le. Kó wá bá mi gun máṣíìnì láti Ìdúmọ̀tà dé Ọbáléndé nínú òjò oṣù Kẹfà, ká jọ wò ó.

Ẹ máa ní kí n yọ ọ́ dànù. Mi ò tó bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island sì wà níbẹ̀. Àwa dispatch tó ń gbé ẹrù oníbàárà ni wọ́n fi sílẹ̀. Àpótí yẹn ni ìwé àṣẹ mi. Bí mo bá ní kí n so àpò méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì bíi ti àwọn òyìnbó tó ń fi tiwọn gbafẹ́ kiri, kí n tó dé Adéníji Adélé, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ló bá di pé kí n wá nǹkan tẹ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí kò gbé ẹrù rí ló mọ èyí tó dáa. Bàbá tó ń lẹ táyà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní kí n ra Ghana-must-go. Mi ò jiyàn, àpò yẹn lágbára; òun làwọn ará Gánà kó ẹrù sí nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí lé wọn lọ́dún 1983. Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní ni wọ́n lé wọn. Ọyẹ́ ló bá wọn lọ́nà, kì í ṣe òjò.

Tapólíìnì ńkọ́? Omi ò lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ ó nípọn débi pé tí mo bá ká a sínú àpótí tán, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló kù tó lè wọlé. Kí n wá gbé ìkejì rù?

Ọ̀rá dúdú ọjà Balógun, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi. Tẹ́ ẹ bá wò ó pẹ́, ó ti ya. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀rá tí kò nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 40. Inú mi dùn, mo ní ẹkún mi ti dé etí wọn. Àṣé gọ́tà ni wọ́n ń ṣàánú.

Ìyá kan tó ń ta ṣúgà l'Ókè Àrìn ló wá ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní ọ̀rá tó máa ń wà nínú àpò ṣúgà: “Ọmọ mi, gbà, ọ̀fẹ́ ni.” Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rá nìyẹn! Ó ki, ó gùn, kò sí ojú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Mo lọ́ ẹnu rẹ̀, mo fi rọ́bà dè é, mo la omi Ìdúmàgbò kọjá, mo gbé léèsì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Súrùlérè. Gbígbẹ táútáú. Wọ́n tú u, èèrà jáde. Wọ́n tò sórí léèsì bí ẹgbẹ́ ìyàwó tó ń jó wọlé.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án, omi ò débẹ̀.” Wọ́n ní omi ì bá sàn, omi a máa gbẹ.

Owó ìfọṣọ ti jáde nínú owó oṣù mi. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́: èmi tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbé èrò, gbogbo ìdílé èèrà ni mo gbé dé Súrùlérè, kò sì sẹ́ni tó sanwó nínú wọn.