Olúwa Mi

Bí akọ̀wé bá ti pariwo "Kóòtù!", gbogbo wa á dìde. Lọ́yà tó ń bá oníbàárà ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù á dìde, agbefọ́ba á ká fìlà mọ́ abíyá, ìyá tí ọmọ rẹ̀ sun àhámọ́ á dìde tòun ti kúlà oúnjẹ. Olúwa mi ti wọlé nìyẹn. Kì í ṣe Ọlọ́run o, májísíréètì ni.

Kò sí wíìgì lórí rẹ̀, ti ilé ẹjọ́ gíga nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rọra yí ọrùn, ẹ ó rò pé ó dé ọ̀kan tí ojú wa kò rí. Bí fóònù bá dún níwájú rẹ̀, ó di ti kóòtù di ìrọ̀lẹ́. "Ẹ máa wo bírò mi!" ló fi ń jágbe mọ́ lọ́yà tó bá yára sọ̀rọ̀, torí gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́. Bí iná bá lọ, òógùn á máa kán sórí ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ béèlì díẹ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan jí adìẹ méjì. Olúwa mi wò ó sùn-ùn, ó fún un ní béèlì ₦200,000 àti oníduúró méjì: kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí èkejì ní ilé lágbègbè kóòtù, kí àwọn méjèèjì mú rìsíìtì owó orí ọdún mẹ́ta wá. Ẹ gbà mí! Ẹni tó mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ méjì nígboro, kí ló fẹ́ fi adìẹ ṣe? Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti wà lójú ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódì, ó sì wà lákọsílẹ̀ pé kóòtù gba béèlì rẹ̀. Níta, lábẹ́ igi, àwọn kan wà tó fi ìduúró ṣiṣẹ́ jẹ. Orí ìwé nìkan ni ilé wọn wà. Olúwa mi mọ̀ wọ́n lójú, síbẹ̀ yóò tún béèrè orúkọ wọn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn ṣá, ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú débẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá kò jìnnà sí kóòtù, síbẹ̀ ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ wá. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kọjá agbára Olúwa mi, tòun tàgbefọ́ba ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n á gbé ẹjọ́ náà wá kó lè fọwọ́ síwèé àhámọ́, kí ìmọ̀ràn DPP, olùdarí ẹ̀ka ìgbẹ́jọ́ ìjọba, tó dé. Ìmọ̀ràn ọ̀hún a sì máa pẹ́. Ní 2021, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ti kóòtù pa láti oṣù Kẹrin wọ oṣù Kẹfà. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn májísíréètì kan ní ìpínlẹ̀ Cross River gbé pátákó kiri torí owó oṣù ọdún méjì tí wọn kò rí gbà. Àwọn ni ká ní kó máa dájọ́ olè!

Àmọ́ gbogbo àìsí iná, àìsí fáìlì, àìsí ẹlẹ́rìí yìí ti ń dùn mọ́ Olúwa mi. Ó ń pín ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bí olóyè ṣe ń pín ẹran iléyá. Lọ́jọ́ tí ẹlẹ́rìí bá dé, tí fáìlì dé, tí iná sì wà, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀; á wo aago, á rántí ìpàdé.

Wọ́n wá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ẹjọ́ tí kò bá parí, ọ̀tun ni arọ́pò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn adìẹ kàn wá, wọ́n tún ẹ̀sùn kà sí i létí, ó tún ní òun kò jẹ̀bi. Ìyá tó ni adìẹ nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní òun ti foríjì í láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní kí Màmá jókòó, kò tíì kan ẹlẹ́rìí, ó di oṣù tó ń bọ̀.