Fadá Tí A Ń Kó Ránṣẹ́ Sókè Òkun
Ní 1868, àwọn fadá ẹgbẹ́ SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon nílẹ̀ Faransé, wá fìdí kalẹ̀ l'Ékòó láti sọ wá di Àgùdà. Lónìí, àwọn fadá tiwa ló ń lọ ṣe Máàsì fún òyìnbó. Ọjà tí a ń kó ránṣẹ́ nìyẹn, èbúté Àpápá ò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Ọpẹ́ ni pé bàálù ni wọ́n ń wọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà Àpápá ni, wọn ì bá ṣì wà lẹ́yìn tírélà, tí wọ́n ń ka rósárì. Ìyá kan wà, ọmọ Ajégúnlẹ̀, tó ń gbé ní London. Ó ní ní Máàsì ibẹ̀, kí òun tó tún gèlè ṣe tán, fadá ti ní kí àwọn máa lọ ní àlàáfíà. Ọrẹ gan-an, káàdì ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ: kò sí ijó, kò sẹ́ni tó rí léèsì tuntun. Bó bá wá délé, á tan fóònù, á bá wọn ṣe Máàsì ti Ajégúnlẹ̀ lórí WhatsApp, orin Yorùbá, orin Ìgbò, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń bo akọrin mọ́lẹ̀. Á jó títí ará ìsàlẹ̀ á fi máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dé orí ìkórè, tí alága gbé gbohùngbohùn, tó ní kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi pọ́n-ùn dáhùn, kíá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì London á já.