Ìwà Tí Wọ́n Ń Hù Lórí Ọ̀pẹ Wa

Èmi kì í ṣe olófòófó. Ní Ìrèsì níbí, wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé kan lọ sí ilé kejì. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará òkè ọ̀pẹ wọ̀nyí ń ṣe lójú gbogbo ayé, tí wọ́n tún ń fi ariwo gbè é lẹ́sẹ̀, tí mo bá dákẹ́, a jẹ́ pé mo lọ́wọ́ sí i nìyẹn.

Ẹ̀gà ni mo ń wí. Ẹ mọ akọ wọn: ara pupa rúsúrúsú, orí dúdú, ojú pọ́n koko. Ọ̀pẹ tí wọ́n bá tẹ̀dó sí, imọ̀ rẹ̀ á ya jákujàku. Ọkùnrin yìí á fi ẹnu gé etí imọ̀ díẹ̀, á dì í mú, á fò lọ, imọ̀ á sì ya tẹ̀lé e gbọọrọ. Kò tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, olè jíjà ló kéré jù nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Òrùka kan ló kọ́kọ́ ń hun, inú òrùka náà ló sì ń dúró sí hun ilé tó kù. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá parí tán, ojú á ti èmi tí mò ń wò ó. Á so ara rẹ̀ rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní ìdoríkodò, á máa gbọn ìyẹ́ gìrìgìrì, á máa pariwo sí gbogbo obìnrin tó bá ń kọjá. Kò sí alárinà, kò sí ìdána, kò sẹ́ni tó mọ baba ìyàwó!

Obìnrin ọ̀hún ńkọ́? Á wọlé onílé, á máa fi ẹnu fa ògiri wò bóyá ó le. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí imọ̀ rẹ̀ ṣì tutù ló ń fẹ́. Bó bá ti gbẹ, kò bá ọ ṣe mọ́. Ọkùnrin náà á wá fi ẹnu ara rẹ̀ tú ilé palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Nicholas Collias, àti ìyàwó rẹ̀, Elsie, fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gà yìí. Tọkọtaya tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yọjú wo yàrá tọkọtaya mìíràn! Èmi ni wọ́n wá ń pè ní olófòófó.

Bí ọkùnrin yìí bá sì ríyàwó, ṣé ẹ rò pé á jókòó jẹ́ẹ́? Ìyàwó nìkan ló ń sàba. Baálé wà níta, ó ti ń hun ilé kejì, ó ti tún sorí kodò, ó ń ké sí ẹlòmíì.

Ẹ sún mọ́ mi, èyí tó ń bọ̀ yìí ò ṣeé pariwo. Ẹyẹ kan wà tí kò nílé, tí kò sì ní kọ́ ọ láéláé. Chrysococcyx caprius ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ara rẹ̀ tutù bí ewé, ó ń dán gbinrin. Àwọn tó ń dán bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìyá yìí á ṣọ́ ìyàwó ẹ̀gà títí á fi jáde, á yọ́ wọlé, á sábà gbé ẹyin kan kúrò níbẹ̀, á yé tirẹ̀, ó tán! Ọmọ tó bá pa, ojú rẹ̀ ò tíì là, kò níyẹ̀ẹ́ lára, ó ti mọ bí a ṣe ń ti àwọn ọmọ onílé síta. Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ẹ̀gà á dé, á bá ọmọ kan ṣoṣo nílẹ̀, á sì máa bọ́ ọ títí yóò fi fò lọ.

Ká má parọ́, ìyàwó ẹ̀gà ń gbìyànjú. Ẹyin tirẹ̀ kì í jọ ti aládùúgbò: ti lágbájá funfun, ti tàmẹ̀dù aláwọ̀ omi aró, ti ẹlòmíì tótòtó. Àwọ̀ kan náà ló ń yé títí ayé rẹ̀, tó bá sì rí àjèjì láàárín wọn, á gbé e jù síta. Ṣùgbọ́n láyé òwò ẹrú, wọ́n kó ẹ̀gà láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí erékùṣù tí Haiti wà. Ẹyẹ oníjìbìtì yẹn ò sí lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2005, David Lahti tẹ ìwádìí jáde pé ẹyin àwọn ìyàwó tọ̀hún ti ń jọra, àmì tí wọ́n fi ń dá tiwọn mọ̀ ti ń parẹ́. Ẹ rí i bí òkè òkun ṣe ń bọmọ jẹ́?

Kì í ṣe àwọn ará òkè ọ̀pẹ nìkan o. N kò ní pẹ́ lórí ìgbín, torí ọ̀rọ̀ Ọbàtálá wà níbẹ̀. Ẹran tí òrìṣà tí kì í fẹ́ àbàwọ́n yàn láàyò, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló jẹ́ akọ, tó tún jẹ́ abo! Àwọn akọ ìbẹ́pẹ kan ò sì sàn jù ú lọ: wọ́n á fi òdòdó lásán ṣe fújà títí, ẹ ó ti wá àdá tí ẹ fẹ́ fi gé e, á ṣàdédé so.

Mo wá tọkọtaya olóòótọ́ kiri, inú òkìtì ọ̀gán ni mo ti rí wọn. Èsúnsún méjì tó bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé lẹ́yìn òjò á yọ ìyẹ́ dànù, wọ́n á jọ wọ ilẹ̀, ọkọ kan, aya kan, yàrá kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kan sáárá sí wọn. Amọ̀ ni àwọn ọmọ wọn fi mọ yàrá náà pa mọ́ wọn, ihò tí wọ́n dá sí i lára kò sì gba ju àwọn ọmọ lọ.