Ọlọ́kadà Ìyànà-Ìbà àti Àṣíborí Rẹ̀

Ọlọ́kadà tó ń ná Ìyànà-Ìbà sí Òkókómáíkó l'Ékòó ní àṣíborí. Ó yẹ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé ènìyàn, nítorí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà LASU lè búra pé kò ní. Ó ní in. Nígbà mìíràn á gbé e lé táńkì, nígbà mìíràn á so ó rọ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, nígbà mìíràn á ti apá bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, á sì máa fì bí ọ̀kadà bá ti ń já kòtò. Orí nìkan ni kì í sábà sí. Ṣùgbọ́n kí aṣọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, tàbí kí ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti iwájú tan iná sí i lẹ́ẹ̀mejì, àṣíborí á fò sórí láìjẹ́ pé ọ̀kadà dẹwọ́ eré. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún ọ̀kadà níná lọ.

Bó ṣe ń ra àṣíborí kò jọ bó ṣe ń ra ọ̀kadà rárá. Bájáàjì ni o, TVS ni o, yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, yóò yẹ ṣéènì wò, yóò fọwọ́ tẹ táyà, yóò sì pe mẹkáníìkì tó fọkàn tán kó wá bá a gùn ún wò kó tó sanwó. Tó bá wá kan àṣíborí, ìdúró ló fi ń ná an lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n tẹ́ wọn sí lórí tapólì. Ohun tó kọ́kọ́ ń bèèrè ni, “Ẹ̀gbọ́n, èló ni jálẹ̀?” Lẹ́yìn náà ló ń bèèrè bóyá àwọn májamája, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kì í bá irú èyí wí. Ó tún ń wo okùn àgbọ̀n rẹ̀ bóyá kò le jù, nítorí okùn tó bá ń pẹ́ tú máa ń dá iṣẹ́ dúró. Èyí tí okùn rẹ̀ ti já ló ń wọ́n kéré jù, òun náà ló sì ń tètè tán lórí àtẹ. Bó bá bi ọlọ́jà bóyá àlòkù ni, ìyẹn á búra pé kò dé orí ẹnikẹ́ni rí. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ inú ìbúra yìí pọ̀ ju ti gbogbo èyí tí wọ́n ń bú lọ́jà ọjọ́ náà. Kò bèèrè ìwọ̀n, kò sì gbé e wọ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìkarahun òde àṣíborí, tó jẹ́ ike líle tàbí fáíbà, ń fọ́n agbára ìkọlù ká kó má bàa kó sójú kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni fóòmù funfun kan wà tó ń fọ́ mọ́lẹ̀ bí orí bá gbálẹ̀. Fífọ́ tó ń fọ́ yẹn ló fi ń gba ìyà tí agbárí ìbá jẹ. Tìmùtìmù aṣọ ló wà nínú pátápátá, tó ń mú kí gbogbo rẹ̀ fún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fóòmù funfun yìí kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀jọ́. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ní ọjà Alábà International. Kò sí oníbàárà tójú rẹ̀ là tí yóò gba tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 43 láìsí fóòmù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ kò sì ní gbà láti gbé e bẹ́ẹ̀. Á ní kí wọ́n dá fóòmù padà sínú páálí, á fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù dè é gírígírí mọ́ ẹ̀yìn, á máa rìn jẹ́jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ Alábà Rágò, á sì máa jágbe mọ́ ọmọ tó bá fẹ́ sáré kọjá níwájú rẹ̀. Orí tó ń ṣètò gbogbo ìtọ́jú yìí kò ní ohunkóhun lára.

Mímú ìwọ̀n kò le. Téèpù télọ̀ ni wọ́n ń fi yí orí ká, ìka kan sókè irun ìpéǹpéjú, kó sì gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù lẹ́yìn. Iye sẹ̀ǹtímítà tó bá jáde ni wọ́n ń wá nínú àṣíborí, nítorí pé wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ènìyàn bá dé e, ó gbọ́dọ̀ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Tó bá mi orí, kí awọ ojú bá a lọ, kí àṣíborí má dá nìkan yí. Lẹ́yìn tó bá ti de okùn àgbọ̀n, ìka méjì péré ló yẹ kó lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ìdánwò tó kù ni kí ó tẹrí ba, kí ẹlòmíràn wá ti àṣíborí láti ìpàkọ́ síwájú: èyí tó bá ṣí kúrò kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá dán èyí wò ní Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ Mọ́ńdè, àṣíborí á kún ilẹ̀.

Ìwọ̀n tí ọlọ́kadà ń lò ni ojú ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti rí nǹkan roboto lórí rẹ̀ láti òkèèrè, àṣíborí náà ti bá a mu. Ìdí nìyí tí èyí tó tóbi jù fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ju èyí tó ṣe wẹ́kú lọ: ó rọrùn láti dé, ó sì rọrùn láti ṣí. Àwọn ẹ̀sùn tó ń fi kan àṣíborí kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Inú rẹ̀ ń gbóná, òógùn ń ro sójú, kì í sì í jẹ́ kó gbọ́ bí èrò bá pariwo “Ó wà o!” lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà rẹ̀ rí mọ̀ pé kì í gbọ́ ọ náà nígbà tí kò bá dé e, pàápàá tó bá ń jiyàn lọ́wọ́ nípa Arsenal.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó mú kí àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ àṣíborí ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, nígbà tí alùpùpù pa T. E. Lawrence, ọ̀gágun tí òkìkí rẹ̀ kàn nílẹ̀ Lárúbáwá. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀, kò gbé ọ̀rọ̀ náà jù sẹ́yìn; ní 1941 ó gbé ìwádìí jáde nípa àwọn ológun tó ń gun alùpùpù àti bí àṣíborí ṣe ń dáàbò bò wọ́n. Nínú àkójọ ìwádìí káàkiri àgbáyé tó jáde ní 2008, wọ́n rí i pé àṣíborí ń dín ikú àwọn tó ní jàǹbá alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Bí wọ́n bá ka èyí fún ọlọ́kadà, yóò fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin, yóò sì dáhùn pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni.

Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́kadà fẹ́ràn tòkunbọ̀. Wọ́n ní ti òyìnbó ló lágbára. Ṣùgbọ́n fóòmù inú àṣíborí alùpùpù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ti bá ẹlòmíràn ṣubú nílùú òyìnbó ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ tán, bí òde rẹ̀ ti wù kó máa dán tó. Wọ́n tún gbà pé DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó ṣe é ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó bá òfin iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà mu, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò sì ju ohun tí wọ́n lè tẹ̀ jáde ní Ṣómólú kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Àṣíborí kẹ̀kẹ́ ológeere náà wà nínú ẹrù tòkunbọ̀, pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ gbọọrọgbọọrọ lórí. Bí ti họ́kì orí yìnyín bá bá báálì Kánádà dé, tòun ti àgò wáyà ojú rẹ̀, kò ní pẹ́ lórí àtẹ, nítorí àgò náà á dẹ́rù ba agbèrò. Fóòmù ti họ́kì yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ṣe é kó lè gba ìkọlù kéékèèké léraléra, kó sì tún padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe ti ẹni tó ń bá tírélà du ọ̀nà ní Vọ́ọ́kìsì.

Níbi họ́kì gan-an, orí àwọn tó ń gbá a kò rọ̀ ju ti ọlọ́kadà lọ. Ní oṣù Sẹ́rẹ́ 1968, Bill Masterton, ọ̀kan nínú wọn, fi orí gbá yìnyín láìní àṣíborí, ó sì kú. Ọdún 1979 ni líìgì họ́kì NHL tó sọ àṣíborí di dandan, wọ́n sì yọ àwọn tó ti tọwọ́ bọ̀wé tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Craig MacTavish lo àǹfààní yìí, ó ń gbá họ́kì rẹ̀ lórí òfìfo títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1997.

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́rẹ́ 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé àṣíborí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tó tẹ̀lé e kò ní kúrò lẹ́nu àwọn tó ṣojú wọn. Àwọn kan dé igbá, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé akoto àwọn tó ń kọ́lé, àwọn mìíràn gé ike ọ̀dà sí méjì, wọ́n sì kùn ún. Wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yìí kí nǹkan kan ṣáà lè wà lórí. Nínú gbogbo ìtàn ọ̀kadà, ìgbà yẹn ni ọlọ́kadà sọ tọkàntọkàn ohun tó gbà pé àṣíborí wà fún.

Èrò náà ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbòde nígbà náà ni pé wọ́n ti fi oògùn sínú àwọn àṣíborí kan: ẹni tó bá dé e á sọnù, tàbí kí iyè rẹ̀ rá. Ẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀yìn ọmọ Yorùbá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé fọwọ́ kan òun lórí, tí kì í sì í dé fìlà ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn baba ńlá kọ́ ilé fún orí inú, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n to owó ẹyọ sí i lára yíká, ẹni tó bá sì lówó jù ni ilé orí tirẹ̀ ń wúwo jù. Àwọn ọmọ wọn gba orí òde láyè kó máa sùn síta.

Àṣíborí kejì, ti èrò, ló ń jìyà jù. Ẹ̀yìn àga ni wọ́n ń so ó mọ́, inú rẹ̀ á ti gba òógùn gbogbo àdúgbò láti Ìbà Estate dé Ṣíbírí. Bí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin LASU tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun bá bèèrè pé, “Bọ̀dá, àṣíborí tèmi ń kọ́?”, èsì wà nílẹ̀: “Sístà, ẹ má da ara yín láàmú, ibí yìí náà ni.” Bí kò bá sì bèèrè, ọlọ́kadà lè nà án sí i nígbà tí wọ́n bá súnmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ìyẹn á gbé e lé góńgó irun rẹ̀ láìjẹ́ kó wọlé, á sì fi ọwọ́ kan dì í mú. Ìyá tó wé gèlè lọ sí òde ń gbé tirẹ̀ lé orókún.

Ìyókù ohun ìdáàbòbò kò gba àlàyé púpọ̀. Sílípáàsì ni bàtà rẹ̀, oògùn ojú iná tí sàláńsà ń dá sí ẹsẹ̀ èrò sì ni ìpara. Kóòtù nìkan ló fi tọkàntọkàn rà: èyí tí wọ́n fi ń la yìnyín kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wọ̀ nínú oòrùn Ọ̀jọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kí atẹ́gùn má bàa wọ àyà. Òtútù ni ọ̀tá tó mọ̀.

Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 lé ọ̀kadà kúrò lójú títì ńlá Èkó sí Bàdágírì, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún àwọn tó ń fi alùpùpù alágbára jíṣẹ́ ẹrù. Ní oṣù Èrèlé 2020, ìjọba de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan láàárín ìlú. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Gokada àti ORide, tó ń fún èrò àti awakọ̀ ní àṣíborí gidi, sì pa iṣẹ́ gbígbé èrò tì. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kò sí lára àwọn mẹ́fà tí òfin tún dé lé ní oṣù Okúdù 2022, nítorí náà ọlọ́kadà wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ọlọ́kadà kan ti gbaṣẹ́ ìjíṣẹ́ ẹrù. Ọ̀gá wọn ń yọ nínú owó oṣù ẹni tí wọ́n bá rí láìdé àṣíborí, nítorí náà irú ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀ ń dé e láti àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ń de okùn àgbọ̀n, ó tilẹ̀ ń wẹ tìmùtìmù inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò síṣẹ́, ọ̀kadà tirẹ̀ ló fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ méjì lọ sí òde ìkómọ ní Ìsàṣì. Àṣíborí iléeṣẹ́ wà nílé lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bàjẹ́.