Èsì Tó Ṣáájú Elésì Dé Ìfọ́n

Ẹ sún àga yẹn mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ o. Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi lábẹ́ fèrèsé, mò ń bó ẹ̀gúsí, ni ọ̀rọ̀ bá ń wọ etí mi.

Ìyàwó dẹ́rẹ́bà ló lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ní FMC Ọ̀wọ̀. Èsì jáde, ó fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í gbọ́ fóònù láìfi sípíkà gbọ́ ọ. Kí ọmọbìnrin náà tó wọ mọ́tò, gbogbo Ìfọ́n ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ ti mú un.

Ẹ̀gbọ́n náà tún jẹ mí lówó epo! Àsìkò ọdún Igogo tó kọjá ni mo rí i mú ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà Igogo, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà, agogo ni wọ́n ń lù dípò ìlù. Kí ni onígbèsè fẹ́ fi bojú? Nítorí Ayaba Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni gbogbo rẹ̀, àní Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń dirun bí obìnrin. Àwọn orogún ló da èèwọ̀ ayaba náà tó fi sá nílé. Ọ̀rọ̀ agboolé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lé èèyàn kúrò nílé.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, èsì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ara ibẹ̀ yí padà díẹ̀. Díẹ̀, ẹ gbọ́ mi o! Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló máa ń fà á, pé ọ̀pọ̀ wa ló ti ní in rí láìmọ̀, ara á sì lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ni wọ́n ń ṣọ́. Ó lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Lára ẹni tó ní HIV tí kò gba ìtọ́jú, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù 12.

Ìyá ọkọ bá figbe ta: "Àrùn alágbèrè!" Ọkọ náà gbéra, ó ní àwọn jọ máa lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò náà lè sùn sára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó lè fi mọ ẹni tó mú un wọlé, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú sì ń gbé e kiri. Háà! Dẹ́rẹ́bà tó ń sun Akúrẹ́ lónìí, tó ń sun Benin lọ́la! Ẹnu rẹ̀ wọlé bí orí ìjàpá. Láti ọjọ́ yẹn, òun gan-an ló ń ka oṣù fún ìyàwó.

Alágbo kan fẹ́ ta nǹkan fún un tí yóò fi fọ̀ ọ́ dànù. Nọ́ọ̀sì ní kó má fi ohunkóhun síbẹ̀. Oṣù 12 pé, ó padà lọ, ara ti mọ́. Obìnrin kan ní Ìpele, tirẹ̀ kò lọ. Wọ́n fi omi kíkan pa ibẹ̀, ojú ibi tó yí padà funfun, wọ́n fi irin gbígbóná kékeré kan jó o. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé gáréèjì.

Àwọn tí kò padà lọ ni ẹ̀rù wọn ń bà mí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020, obìnrin bí 12,000 ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, bí 8,000 sì bá a lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tiwọn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2024. Àwa ìyá wọn ńkọ́?

Ìwọ ìyàwó kékeré tó ò ń rẹ́rìn-ín, o ò ha ti lé ní 30? Ọjọ́ Mọ́ńdè la jọ ń lọ. Mo sanwó mọ́tò àlọ, àbọ̀ di tìẹ. Bí wọ́n bá sì ní kó o padà wá, sáà sọ ọjọ́ náà fún mi. Kò ní sí ẹni tí kò ní máa rán ẹ létí nínú agboolé yìí.