Ẹ Bi Bàbá Elekahia: Ta Ló Kó Káàdì Sínú Ike Ìrẹsì?

Bàbá Elekahia, ọkọ mi ra káàdì kan láti Amẹ́ríkà, àwòrán Olajuwon tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Látìgbà náà, ó ti ti gbogbo fèrèsé pa nítorí èéfín dúdú. Ó da ìrẹsì mi sínú korobá, ó kó káàdì sínú ike ìrẹsì. Ooru fẹ́ pa wá. Kí ni kí n ṣe? — Ìyàwó Tó Ń Làágùn, Housing Estate.

Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì di ẹrù. Èéfín tí ọkọ yín ń sá fún kì í ṣe irọ́: láti ọdún 2016 ni ará Port Harcourt ti ń fi ìka kan tábìlì tí ìka ń dúdú, epo tí àwọn kan ń sè ní bòókẹ́lẹ́ sì wà lára ohun tó fà á. Páálí ni káàdì, páálí a sì máa mu omi, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ inú agolo gan-an ń dì nílùú yìí. Ike tí ìdérí rẹ̀ le, ibẹ̀ ló yẹ kó wà lóòótọ́. (Ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀.)

Àmọ́ ike nìkan ò tó. Ó nílò àpò pẹ́tẹ́ oníhóró tó ń fa ọ̀rinrin, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ká má jẹ ẹ́. Ibo la ti ń rí i? Nínú páálí bàtà tuntun. Lálẹ́ òní, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé nítorí Olajuwon, ẹ ó máa nílò bàtà lóṣooṣù. Ẹ ní tinú páálí bàtà ọkùnrin kì í lágbára. Bó bá jiyàn, ẹ gba ike yín. Ní ti fèrèsé, káàdì ló wà nínú ike, ẹ̀yin kọ́. Ẹ ṣí i.

Bàbá, ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́ iye tí mo ra káàdì Olajuwon mi. Ọ̀rẹ́ mi ní ayédèrú ni, pé “Akeem” ni wọ́n kọ, kò sí H níbẹ̀. Ṣé owó mi ti wọgbó? — Olówó Ike.

Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Iléeṣẹ́ Fleer ló tẹ káàdì náà fún sáà 1986 sí 1987, nọ́ńbà 82 nínú 132. Michael Jordan wà níbẹ̀, nọ́ńbà 57. Akeem ni ọmọ Èkó náà ń jẹ́ nígbà yẹn, ọdún 1991 ló tó fi H sí i, tó di Hakeem. Ti 1986 tó bá ní H ni kẹ́ ẹ sá fún. Àwọn gbájúẹ̀ ń ṣe ayédèrú Akeem náà o! Ẹ fi díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá wo lẹ́tà dúdú ara rẹ̀: bó bá jẹ́ tótòtó ló para pọ̀ di lẹ́tà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wọ́n dà á kọ lára òmíràn.

Kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé H fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bá a ta tẹ́tẹ́: bọ̀lì àti ẹja yíyan fún ènìyàn mẹ́ta. Èmi lẹnì kẹta. Iye tẹ́ ẹ rà á ò ní jáde lẹ́nu mi. Ẹ ṣáà máa tọ́jú owó bàtà.

Bàbá, mo ní káàdì Rashidi Yekini ti Ife Àgbáyé 1994. Kó má bàa bàjẹ́, mo ní kí oní-fọ́tòkọ́pì bá mi lámínéètì rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á rí i, ó kàn mirí. — Alámínéètì.

Ọmọ mi, o ti sè é. Ooru ẹ̀rọ yẹn ti lẹ ọ̀rá mọ́ páálí títí ayé. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà, ọkùnrin yìí jẹ góòlù sílé Bulgaria, góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé, ó sì kó apá méjèèjì sínú àwọ̀n. Ó jáde nínú àwọ̀n, o wá tì í mọ́ inú ọ̀rá! Lu ihò sí i, fi okùn gbé e kọ́rùn, kó o máa lọ sí pápá Yakubu Gowon (Liberation Stadium làwa àgbà ń pè é) lọ́jọ́ tí eré bá wà. Rìn kíákíá, má wojú ẹnì kankan, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ni ọ́. Bí wọ́n bá mú ọ, a ò mọra.

Mo fi rọ́bà di tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sharks mọ́ ti Dolphins. Ṣé ó dáa? — Alátìlẹyìn Méjì.

Kò dáa. Rọ́bà ń jẹ etí páálí. Òótọ́ ni pé wọ́n ti so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ di Rivers United ní 2016, àmọ́ ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí tíkẹ́ẹ̀tì wọn máa gbé, èyí tí kò rùn, kí yíǹkì má bàa lẹ̀ mọ́ra. Rọ́bà yẹn, ẹ fi di owó ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi.